Ọ̀fẹ́ ni Koha, Iṣẹ́ Ìtọ́jú Rẹ̀ Ló Lówó Lórí

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àpérò àgbáyé kan wáyé nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn. Àwọn tó ń ṣe Koha àti àwọn tó ń lò ó ló pé jọ síbẹ̀. Ìlú Paris ni wọ́n ti ṣe irú àpérò náà àkọ́kọ́ ní 2006. Ó ti dé Wellington, ó ti dé Edinburgh, kó tó kan Ìbàdàn, Ìbàdàn sì ni ìlú àkọ́kọ́ tó gbà á lálejò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan, Projektlink Konsult, ló gbé e wá sílé. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ilé-iṣẹ́ yìí kò ni Koha. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ Koha wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń jẹun, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Faransé, ní Amẹ́ríkà àti ní New Zealand.

Koha ni ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìkàwé fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé tó wọlé, òun ló ń mọ ẹni tó yá ìwé àti ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà, òun ló ń ṣírò owó ìtanràn, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wá ìwé láti inú yàrá rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ dé ibi pẹpẹ. Kò sí owó àṣẹ ìlò lórí rẹ̀. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn. Irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní open source.

Àwọn ìlú etí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló mú mi ronú lé ọ̀rọ̀ yìí. Láti Ìbàfò dé Mowe, ilẹ̀ tó jẹ́ oko àti igbó ní àìpẹ́ yìí ti di ilé lọ súà. Àwọn òṣìṣẹ́ Èkó tí owó ilé Èkó kọjá agbára wọn wá kọ́lé síbẹ̀, àwọn ìjọ ńláńlá tẹ̀dó síbẹ̀, yunifásítì sì tẹ̀lé wọn. Yunifásítì Redeemer's bẹ̀rẹ̀ ní 2005 nínú ọgbà ìjọ Redeemed lẹ́bàá Mowe, kó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ní 2015, ọdún kan náà tí àpérò Ìbàdàn wáyé, ìjọba fọwọ́ sí Yunifásítì Mountain Top ní Mákògi Ọba nítòsí Ìbàfò, ó sì fọwọ́ sí Yunifásítì Christopher ní Mowe. Ifọ̀ wà lójú ọ̀nà kejì, ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí ojú irin àtijọ́ ti yà sí Ìlaròó. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ lọ síwájú kọjá Papaláńtò yóò bá polytechnic D. S. Adégbénró ní Ìtòrí, tí ICT wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ ní agbègbè yìí bí omi òjò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, tí wọ́n ń lo wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà lọ bọ̀, nítorí wọ́n gbà pé Èkó nìkan ni owó kọ̀ǹpútà wà.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wà ní ẹnu ọ̀nà wọn.

Kò sí yunifásítì tó lè wà láìní ilé ìkàwé. Bí àwọn aṣojú NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, bá dé láti yẹ ẹ̀kọ́ wò, wọn a wọ ilé ìkàwé, wọn a wo ìwé tó wà nílẹ̀ àti ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń rí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìkàwé kì í fi í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, NUC fi owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ra ètò kan tó ń jẹ́ TINLIB, wọ́n sì pín in fún àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ni olówó rẹ̀ wà. Kóòdù rẹ̀ wà ní títì pa. Bí ó bá dákẹ́, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó láṣẹ láti ṣí i wò, kí á tó sọ pé yóò tún un ṣe. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé fi pa á tì. UNESCO náà ní tirẹ̀, CDS/ISIS, tí ó ń fún àwọn ilé ìkàwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1985. Èyí kò gba owó rárá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi tó dé ni kò ti pẹ́, torí kò sí ẹni tí wọ́n lè pè nígbà tí wàhálà bá dé. Mo fi àwọn méjèèjì síbi kan náà nínú èrò mi. Ọ̀kan lówó, èkejì jẹ́ ọ̀fẹ́, àìrí ẹni tọ́jú wọn nítòsí ló pa àwọn méjèèjì.

Ibi tí Koha ti yàtọ̀ nìyí, ìtàn ìbí rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, ọkàn àwọn alákòóso ilé ìkàwé agbègbè Horowhenua, ní ìlú kékeré Levin ní New Zealand, kò balẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò kò ní lè ka ọjọ́ tó bá wọ ọdún 2000. Àwọn tuntun tó wà lọ́jà kò bá wọn mu, pàápàá nítorí owó wáyà tẹlifóònù tí yóò so ẹ̀ka wọn pọ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Wellington, Katipo Communications. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní ọdún 2000, Koha bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Levin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí mo kà sí ọgbọ́n àgbà. Àwọn ará Katipo kò fẹ́ di olùtà ètò ilé ìkàwé. Àwọn ará Horowhenua ní tiwọn kò fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn nìkan ni yóò máa lo ohun tó lè kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, wọ́n sì gbé e síta fún aráyé.

Ilé ìkàwé Nelsonville ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà rí i, ó wù wọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì mọ MARC, ìlànà tí àwọn ilé ìkàwé ńláńlá fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé. Wọ́n gbé owó kalẹ̀ pé ẹni tó bá lè fi MARC kún un kó wá ṣe é. Ọmọ Faransé kan, Paul Poulain, dá sí iṣẹ́ náà. Owó láti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ láti Faransé, ètò láti New Zealand: òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó ń fi Koha kọ àkọsílẹ̀ ìwé ní Nàìjíríà lónìí ń jẹ nínú rẹ̀ láìsan nǹkan kan. Kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ yẹn ṣe àánú. Nelsonville rí ohun tó fẹ́, Poulain rí iṣẹ́ ṣe, òun pẹ̀lú àwọn mìíràn sì dá ilé-iṣẹ́ BibLibre sílẹ̀ lẹ́yìn náà láti máa ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ilé ìkàwé Faransé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bí ó ti ń rí nínú yunifásítì aládàáni kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa.

Orí sáfà ni Koha ń gbé, Debian tàbí Ubuntu, ètò ìpìlẹ̀ ti ìdílé Linux, ni wọ́n sì sábà máa ń fi sórí sáfà náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè gbé e kalẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn aláṣẹ lójú. Wọ́n rò pé bí ojú ìwé Koha bá ti yọ lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wà lórí pẹpẹ. Àkọsílẹ̀ àwọn kan wà nínú káàdì, ti àwọn mìíràn wà nínú Excel tí àwọn àgùnbánirọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan fi orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé ṣáájú, ẹnì kejì fi í kẹ́yìn, ẹnì kẹta fi oyè Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́ ọn. Ìwé kan náà wá di mẹ́ta lábẹ́ òǹkọ̀wé mẹ́ta. Ẹni tó gba iṣẹ́ Koha ní láti tò wọ́n ní ìlà-ìlà, kó yọ èyí tó di méjì, kó fi nọ́ńbà pẹpẹ sí èyí tí kò ní, kó tó sọ gbogbo rẹ̀ di MARC tí Koha lè gbà wọlé. Iṣẹ́ sùúrù ni. Kì í hàn lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan yòókù dúró lé.

Fún ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ìrọ̀rùn wà. Koha lè na ọwọ́ dé ilé ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní Washington. Kí òṣìṣẹ́ tẹ nọ́ńbà ISBN tó wà lẹ́yìn ìwé, àkọsílẹ̀ ìwé náà yóò dé tòun ti nọ́ńbà pẹpẹ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí ẹ̀dà rẹ̀ kò dé Washington rí, ọwọ́ ni wọn yóò fi kọ tirẹ̀.

Ìwé Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Koha gba àmì ohùn wa àti àmì ìsàlẹ̀ wa. Ẹ lè kọ orúkọ òǹkọ̀wé Fágúnwà sínú rẹ̀ bí ó ti yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń wá ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ka ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kò ní àmì lórí bọ́tìnnì fóònù rẹ̀. Yóò kàn tẹ orúkọ ìwé náà ní òfìfo ni. Zebra ni orúkọ ẹ̀rọ tó ń wá ìwé nínú Koha. Bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò bá tò ó kó máa lo ìlànà ICU, èyí tí yóò jẹ́ kí ó ka lẹ́tà tó ní àmì àti èyí tí kò ní sí ọ̀kan náà, ìwé lè wà lórí pẹpẹ kí kọ̀ǹpútà sọ pé kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà sílé. Yóò sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé ìkàwé wọn kò ní ìwé Yorùbá.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí ẹni tó jókòó sí Levin tàbí Ohio tí yóò rántí àmì orí ọ̀rọ̀ wa fún wa. Ẹni tó ń gbé àárín wa, tó ń ka èdè wa, ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan kù síbẹ̀. Nítorí pé kóòdù wà ní gbangba, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó tún un ṣe, owó tí wọ́n bá sì san fún un níbẹ̀, owó ìmọ̀ èdè rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Iná ńkọ́? Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń lọ. Bí sáfà bá kú lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, àká dátà lè fara pa, àtòjọ Zebra sì lè dà rú tó fi jẹ́ pé ìwé tí wọ́n yá jáde láàárọ̀ yóò ṣì máa hàn bí ẹni pé ó wà nílẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò béèrè ọ̀rọ̀ bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ kó tó béèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Yóò sì béèrè ibi tí ẹ̀dà ìpamọ́ ń lọ. Koha fúnra rẹ̀ máa ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lálaalẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ti ọjọ́ méjì péré ló ń tọ́jú, orí sáfà kan náà ló sì ń kó wọn sí. Ọjọ́ tí sáfà bá jóná, iṣẹ́ ọdún mélòó kan jóná pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀. Gbígbé ẹ̀dà náà lọ sí ibòmíràn kò ná ẹni tó mọ̀ ọ́n ju ìlà kóòdù díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ rántí láti kọ ìlà náà, kó sì máa padà wá wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Nínú ilé ìkàwé wa, ìyá kan sábà máa ń wà tó ti ń fi káàdì ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ọmọ tó gbé Koha dé kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ ibi tí ìwé wà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́n yóò jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Mà, ẹ kàn fi iná pupa yìí kan báákóòdù rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tẹ nọ́ńbà náà.” Ìyá yóò dán an wò, yóò rí i pé ìlà tó ń kọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti parí ní ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì dáhùn pé, “Ọmọ mi, tún un ṣe kí n tún wò ó.” Láti ìgbà náà lọ, òun gan-an ni yóò máa gbèjà Koha níwájú ọ̀gá àgbà. Bí ó bá rí i pé wọ́n wò ó bí ẹni tí kò mọ nǹkan, káàdì rẹ̀ ni yóò padà sí, sáfà yóò sì máa jó epo lásán. Mo ka ọgbọ́n ìbánisọ̀rọ̀ yìí mọ́ iṣẹ́ gidi. Nígbà tí àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ bá tò sẹ́nu ọ̀nà fún ìwé ẹ̀rí pé wọn kò jẹ ilé ìkàwé ní gbèsè, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń jáde lọ́gán, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń jẹ àǹfààní ìjókòó náà.

Koha tuntun ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kárùn-ún àti oṣù Kọkànlá. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò ka ohun tó yí padà, yóò dán an wò níbi tí kò ti lè ba nǹkan jẹ́, kó tó gbé e sórí sáfà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò.

Owó iṣẹ́ yìí wá ń wá láti ọ̀nà púpọ̀. Owó wà fún gbígbé e kalẹ̀. Owó wà fún kíkó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé, òun ló sì sábà máa ń pọ̀ jù. Owó wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó wà lọ́wọ́ ilé ìkàwé tó bá ní kí oníṣẹ́ bá òun gbé sáfà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí òun má bàa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Olórí gbogbo wọn ni àdéhùn ọdọọdún, tí ilé ìkàwé ń san kí ẹnì kan lè máa gbé ìpè wọn. Àdéhùn ọdọọdún yìí ló ń mú ilé-iṣẹ́ dúró. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìkàwé mélòó kan láàárín Ìbàfò, Abẹ́òkúta àti Ṣàgámù lè gba ọmọ iṣẹ́ sọ́dọ̀, lè san owó ilé rẹ̀ ní Mowe, kó má sì dé Èkó láàárín ọ̀sẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ irú òwò yìí dáadáa. Ẹsẹ Ifá kò ní olówó. Kò sí babaláwo tó lè sọ pé òun ló ni Ogbè Méjì, pé kí ẹlòmíràn má kì í. Síbẹ̀, ẹni tó bá lọ dá Ifá yóò san owó, kò sì ní kùn pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ni ni wọ́n gbowó lé lórí. Ọdún tí babaláwo fi kọ́ ọ, etí tó fi gbọ́ ìṣòro ẹni, àti ìdúró ti ẹni títí ọ̀ràn náà yóò fi yanjú, ìwọ̀nyí ni owó náà wà fún.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ tó ń mówó wá bá ṣì ṣòro fún láti gbà gbọ́, kí wọ́n wo òkèèrè. Ní 1985, Richard Stallman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà olómìnira, ń ta téèpù ètò Emacs rẹ̀ ní dọ́là 150, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ lè da á kọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1989, wọ́n dá Cygnus sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa gba owó ìtọ́jú lórí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀. Red Hat tẹ̀lé ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Linux títí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kan fi kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là, IBM sì rà á ní bílíọ̀nù 34 dọ́là ní 2019. Kóòdù tí IBM sanwó fún kò di ti IBM nìkan. Àwọn oníbàárà, àwọn oníṣẹ́ àti orúkọ rere ni wọ́n rà.

Lọ́dọ̀ wa, ìdí pàtàkì kan tún wà láti lo irú ètò yìí tí kò sí ní Amẹ́ríkà: náírà. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tó di 2024, ó ti kọjá 1,500. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń san owó àṣẹ ìlò ní dọ́là lọ́dọọdún rí i pé owó kan náà ti di ìlọ́po mẹ́ta, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú sọ́fítíwíà náà. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí ń san kò lè fò sókè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú Koha láti Ìbàfò ń gba náírà, ó ń fi náírà ra epo, ó ń fi náírà san owó ọmọ rẹ̀. Owó ilé ìkàwé wa dúró sí àárín wa.

Kò yẹ kí n sọ dídára rẹ̀ nìkan. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń gbé Koha lọ fún ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń kọ owó àṣẹ ìlò sínú ìwé owó bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín. Irọ́ ni, olè sì ni. Àwọn mìíràn a kọ̀ láti fún ilé ìkàwé ní ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà tí ilé ìkàwé fi owó ara rẹ̀ rà, kí wọ́n má bàa lè pe ẹlòmíràn. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ohun tí Horowhenua fi fún aráyé di ẹ̀wọ̀n. Irú ìwọra yìí ti bá Koha jà rí níbi gíga. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ PTFS ní Amẹ́ríkà ra LibLime, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú Koha. Nígbà tó fi di 2011, ẹ̀tọ́ lórí orúkọ Koha gan-an ní New Zealand ti fẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ilé ìkàwé Horowhenua, tí kò lówó, ké gbàjarè. Àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo dá owó jọ fún un, ilé-iṣẹ́ Catalyst ní Wellington sì dúró tì í. Ní 2013, àwọn aláṣẹ orúkọ òwò ní New Zealand dá ẹjọ́ náà lòdì sí PTFS. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi Koha jẹun mọ ìtàn yìí, kó lè mọ̀ pé àwọn kan jà kí ilẹ̀kùn tó gbà wọlé má bàa tì.

Gbèsè kan tún wà lọ́rùn àwọn oníṣẹ́ wa. A ń mú nínú Koha ju bí a ti ń fi kún un lọ. Ẹni tó bá rí àṣìṣe kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó bá tún ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣe ní Mowe, kó fi hàn àwọn ará Ìlọrin àti Kútọnu bí òun ti ṣe é. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ojú ìwé rẹ̀, kò sí òfin tó dí i lọ́wọ́. Irú ẹ̀mí yìí ti ń jí láàárín àwọn ọ̀dọ́: ní oṣù Kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ Open Source Community Africa ṣe àjọ̀dún wọn ní Èkó, àwọn ọmọ tó wá síbẹ̀ kò sì wá gba ẹ̀bùn, wọ́n wá kọ́ bí wọn yóò ṣe máa dá sí kóòdù ayé.

Bí mo bá ń sọ ti Koha, ó kàn jẹ́ èyí tó hàn sí mi jù ni. Moodle, tí Martin Dougiamas gbé jáde láti Australia ní 2002, ń rìn lọ́nà kan náà fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì wá irú rẹ̀ kiri nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn wọn ní 2020. WordPress ń rìn bẹ́ẹ̀ fún ojú òpó ìjọ àti ti ilé ìtajà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti Ìtòrí tàbí Ifọ̀ lè lo oṣù mẹ́rin rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dípò kó máa tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá ọ́fíìsì. Kó kọ́ Debian dáadáa, kó kọ́ bí àká dátà ṣe ń ṣiṣẹ́, kó jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kó mọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ẹ̀yin olùdásílẹ̀ àti ọ̀gá àgbà yunifásítì láti Ìbàfò dé Ṣàgámù, ẹ̀yin alákòóso ilé ìkàwé pẹ̀lú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má ṣe bá oníṣẹ́ Koha jiyàn pé ọ̀fẹ́ ni ohun tó gbé wá. Ẹ bi í léèrè ibi tí ẹ̀dà ìpamọ́ ń lọ, ẹ bi í bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi í bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ìwé Fágúnwà láìtẹ àmì. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ owó ìtọ́jú ọdọọdún rẹ̀ sínú ètò ìnáwó yín, kí ẹ sì san án lásìkò.